Ife Omi Tútù Kan: Bí Oore Kékeré Ṣe Ń Di Ìsìn

Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ ló máa ń mọ ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ilé ìsìn. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, ìlù á sọ, ìyàwó àti ẹbí rẹ̀ á jó tẹ̀lé e dé iwájú pẹpẹ. Ohun tó dára ni, ẹni tó ṣe nǹkan ńlá fún ilé Ọlọ́run yẹ lẹ́ni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ẹnìkan ti dìde fún ìyá arúgbó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹlòmíràn ti gba ọmọ tó ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ìyẹn lè gbọ́ ìwàásù díẹ̀. Ẹlòmíràn ti bu omi fún ọlọ́dẹ tó ti wà nínú oòrùn lẹ́nu géètì láti ìdájí. Kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ tiwọn, àwọn fúnra wọn ò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n ṣe sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ níbi tí Jésù ti ṣàlàyé bí ìdájọ́ ìkẹyìn yóò ṣe rí, irú nǹkan báwọ̀nyí gan-an ló kà sílẹ̀.

Nínú Mátíù orí 25 ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun mẹ́fà ni Ọba mẹ́nu bà: ebi, òǹgbẹ, àlejò, ìhòòhò, àìsàn àti ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó wo aláìsàn sàn. Pé wọ́n wá wo òun ló sọ. Kò sọ pé wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ó ní wọ́n wá sọ́dọ̀ òun níbẹ̀. Oúnjẹ, omi, aṣọ, ibùsùn, àbẹ̀wò: kò sí èyí tí tálákà ò lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn olódodo pàápàá ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí wọ́n rí Olúwa tí ebi ń pa á. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kéré jù lọ, òun ni wọ́n ṣe é fún. Níbẹ̀ ni ìtumọ̀ Kristẹni ti wọ inú oore kékeré. Jésù ti gba ipò ẹni tí ń bẹ nínú àìní, ó sì ti pinnu pé ohunkóhun tó bá dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ òun. Nítorí náà, a kì í fi bí oore ṣe tóbi tó wọn iyì rẹ̀. Ẹni tó gbà á ló fún un níyì. Nínú Mátíù orí 10, ó fi ife omi tútù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ló ti sọ ọ́. Ẹni tó bá máa fún arìnrìn-àjò lómi tútù níbẹ̀ ní láti gbéra lọ fà á ní kànga. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ kó tó wà nínú ife.

Báwo wá ni Kristẹni ṣe lè máa ṣe irú oore yìí lójoojúmọ́, tí yóò fi di ara ìsìn rẹ̀?

Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣoore

Ọ̀nà tó ti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò lé ní kìlómítà 25, ó sì ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mítà kan láàárín àpáta àti aṣálẹ̀. Ibẹ̀ rọrùn fún olè láti ba sí. Ojú ọ̀nà yìí ni Jésù fi ìtàn kan sí, ìtàn ọkùnrin tí wọ́n lù, tí wọ́n bọ́ láṣọ, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àìpatán. Lúùkù orí 10 jẹ́ kó yé wa pé àwọn mẹ́ta tó kọjá ló rí i. Àlùfáà rí i, ó gba òdìkejì. Ọmọ Léfì rí i, òun náà gba òdìkejì. Ará Samáríà rí i, àánú ṣe é, ó sún mọ́ ọn. Ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò fọ́. Ẹsẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹnìkan ṣoṣo ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ojú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká kọ́ ni rírí tó ń fani sún mọ́ ènìyàn. Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ, kí ni orúkọ rẹ̀? Ọmọ tó ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní àkókò ilé ìwé, ta ni òbí rẹ̀? Bàbá tó máa ń jókòó nìkan lẹ́yìn ìjọ, tí kì í dúró lẹ́yìn ìsìn, kí ló ń lé e lọ sílé? Ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, ó ṣòro kí á mọ ìgbà tí nǹkan le fún un.

Yorùbá ti fún wa ní ohun èlò tó dára fún èyí, ìyẹn ìkíni. Ẹni tó máa kí ènìyàn pé ẹ kú ìrọ́jú ti ní láti rí ìnira tó wà lójú onítọ̀hún ná. Ẹni tó máa sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o ti rí i pé ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ. Àwọn àgbà kọ́ wa láti máa wo ipò tí ẹni tí a fẹ́ kí wà, ká tó la ẹnu. Kristẹni tó bá ń kíni bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, tí kò dorí kodò sórí fóònù bó ṣe ń kọjá lọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ará Samáríà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ni ká fi ṣe é

Ẹ wo ohun tí ará Samáríà lò: òróró, wáìnì, ẹranko tó ń gùn àti owó dínárì méjì. Dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà. Ohun èlò ìrìn-àjò ni gbogbo rẹ̀, ó ti wà nínú àpò rẹ̀ kó tó pàdé ọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi aláìsàn náà lé onílé èrò lọ́wọ́, ó ṣèlérí pé òun á san èyí tó bá ṣẹ́kù nígbà tí òun bá ń padà bọ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò pa ìrìn-àjò rẹ̀ tì, kò sì sọ pé òun nìkan lòun máa ṣe gbogbo rẹ̀. Oore tó ní ààlà náà jẹ́ oore. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í bẹ̀rẹ̀ rárá nítorí wọ́n rò pé bí àwọn bá na ọwọ́ kan, gbogbo ẹrù ni wọ́n máa dì lé àwọn lórí.

Dọ́kásì, ará Jópà, nílùú etí òkun tí wọ́n ń pè ní Jaffa lónìí, fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe tirẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9 kò sọ ìwàásù kan tó ṣe fún wa, kò sì sọ pé ó lówó. Nígbà tó kú, àwọn opó dúró ti òkú rẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi aṣọ tó rán fún wọn han Pétérù. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn wọn ni ẹ̀rí wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ní Ẹgbẹ́ Dọ́kásì títí dòní.

Kí ni abẹ́rẹ́ tìrẹ? Onígbàjámọ̀ lè lọ bá bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dè mọ́lé gẹrun nínú yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó mọ̀wé kà lè ka Bíbélì fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò lè jókòó ti ìyá àgbà, kó bá a pe ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, kó fi sùúrù fi ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn án. Káfíńtà lè kan fèrèsé opó tí òjò ń rọ̀ wọlé bá. Ẹni tó bá ń wá nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣoore kò ní ṣe é láé.

Fi ọ̀wọ̀ ṣe é

Ẹni tó bá ti tọ́jú ènìyàn rẹ̀ nílé ìwòsàn rí yóò mọ bí ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí wọ́n bá ti ní kí àlejò jáde ní wọ́ọ̀dù, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan á jókòó, á fi aṣọ bora nítorí ẹ̀fọn, ìwé oògùn lọ́wọ́ kan, fóònù tí iná rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán lọ́wọ́ kejì. Abọ́ oúnjẹ àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú òkèèrè ló ti wá, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò lè lọ wẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá a ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Kò sì lè sùn, nítorí nọ́ọ̀sì lè pè é nígbàkígbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore fún obìnrin yìí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, bó ṣe máa kí ìyá ìjọ. Kó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí òun bá a ṣe, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó lè jẹ́ ṣájà fóònù ló ń wá. Ó lè jẹ́ kí ẹnìkan jókòó ti ẹrù rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó lọ da omi sára. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Bó bá fẹ́ kí á gbàdúrà, kí àdúrà náà ṣe ṣókí, kí ohùn sì lọ sílẹ̀, torí pé àwọn aláìsàn mìíràn ń sùn. Ká má bi í ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni dá. Ká má sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa fún un. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n nínú wọn ni obìnrin náà ti máa mọ̀ bóyá ènìyàn ni wọ́n ka òun sí tàbí ẹni tí wọ́n fi ń wá èrè.

Bóásì, olóko inú ìwé Rúùtù, mọ èyí. Òfin Léfítíkù orí 19 ti sọ fún àgbẹ̀ ní Ísírẹ́lì pé kó má kórè dé eteetí oko, kó má sì padà lọ ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan mú. Nígbà tí Rúùtù, àlejò láti Móábù, wọ oko rẹ̀, Bóásì ṣe ju ohun tí òfin wí lọ. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa fa ọkà díẹ̀ yọ nínú ìtí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Rúùtù fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á, ó rù ú lọ sílé fún ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti oko ara rẹ̀ bọ̀. Oúnjẹ ni Bóásì fún un, ojú rẹ̀ ò sì tì í. Nígbà tí a bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́, ó yẹ ká béèrè irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: bóyá iṣẹ́ kan wà tó lè bá wa ṣe, bóyá a lè san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tààrà fún ilé ìwé láìpe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Má lóṣòó tì í

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Jésù sọ ohun tó sún mọ́ èyí nínú Mátíù orí 6, níbi tó ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fun fèrè síwájú ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ ta tálákà lọ́rẹ. Fèrè ayé òde òní ni fóònù. Wọ́n á gbé àpò ìrẹsì kan lé opó lọ́wọ́, wọ́n á ní kó rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya á ní fídíò, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo àdúgbò ti rí i lórí Facebook pé kò rí oúnjẹ jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà á rí i níwájú ẹgbẹ́ wọn. Ìrẹsì á tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fídíò ò ní tán. Bí ìjọ bá ní láti kọ àkọsílẹ̀ owó tó ná, kí ó kọ iye owó náà sínú ìwé, kó sì fi ojú àwọn ènìyàn sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí à ń gbà lóṣòó ti oore: ká fi í dúnàádúrà pẹ̀lú Ọlọ́run. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti máa fún aláìní ní nǹkan kí tiwa lè padà ní ìlọ́po. Ìwé Mímọ́ kò sẹ́ pé Ọlọ́run ń san ẹ̀san, ṣùgbọ́n nínú Lúùkù orí 14, Jésù ní bí a bá se àsè, àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n máa fi san án padà ni ká pè. Ìgbàgbọ́ Kristẹni tún dúró lórí èyí pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là, kò sí iye ife omi tó lè ra ìgbàlà. Éfésù orí 2 fi àwọn méjèèjì sí ipò wọn: a gba ìgbàlà lọ́fẹ̀ẹ́, a sì dá wa fún iṣẹ́ rere. Ẹni tó ti gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ló lè fúnni láìní ohun tó ń wá lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a bá sì fúnni tí wọn ò dúpẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa la ti gbọ́ pé igún ṣoore, ó pá lórí. Ìrírí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nínú òwe yẹn, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn, ẹnìkan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, àlejò ará Samáríà sì ni. Jésù béèrè àwọn mẹ́sàn-án tó kù, ó dun ún. Kò sì gba ìwòsàn náà padà lára wọn. A lè sọ pé àìmoore dùn wá, ká sì tún jí láàárọ̀ ọ̀la ṣe oore mìíràn, nítorí Ẹni tí a ṣe é fún ti gbà á.

Ilé ni iṣẹ́ náà ti le jù

Ó rọrùn láti ṣoore fún ẹni tí a ò ní rí mọ́. Ẹni tí a jọ ń gbé, tí ìwà rẹ̀ ń su wá, ni ìṣòro. Thérèse, ọmọbìnrin ilẹ̀ Faransé, wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Lisieux ní 1888, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ó kú ní 1897, kò tíì pé ọdún 25. Kò rìnrìn-àjò ìwàásù, kò kọ́ ilé ìwòsàn. Nínú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó sọ ti ìyá àgbà kan tó le koko, tó máa ń ṣàìsàn, tí òun máa ń mú lọ jẹun lálaalẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó di àmùrè rẹ̀ mú lẹ́yìn, kó má yára jù, kó má sì falẹ̀ jù. Bí ìyá náà bá fẹsẹ̀ kọ báyìí, á ní òun ti fẹ́ ṣubú. Nígbà tí wọ́n bá jókòó, Thérèse ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ìyá náà tó ti rọ kò lè to búrẹ́dì sínú abọ́. Ẹnikẹ́ni ò rán an, ó ń bá a tò ó lálaalẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i kó tó kúrò. Ẹ̀rín yẹn ló ṣẹ́gun ọkàn ìyá náà. Ní 1997, Póòpù John Paul Kejì kéde ọmọbìnrin yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ìjọ Kátólíìkì.

Nínú ilé tiwa náà, ó lè jẹ́ ìyá ọkọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ká dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹrin bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ló béèrè. Ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó fọ́ abọ́. Ká bi í bóyá ó ṣe é lọ́wọ́ ká tó bi í léèrè abọ́.

Láti orí kékeré dé orí ńlá

Àwọn kan á sọ pé oore kékeré ò lè tún ayé ṣe, pé ìjọba ló yẹ kó pèsè omi àti oògùn. Òtítọ́ ni pé ìjọba ní ojúṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé omi lọ fún òǹdè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa kọ́kọ́ béèrè ìdí tí omi ò fi sí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6: nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, ìjọ yan ọkùnrin méje láti tún ètò náà ṣe. Wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n máa yàn kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Iṣẹ́ pínpín oúnjẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí.

Àwọn ọ̀tá ìgbàgbọ́ pàápàá rí agbára irú oore bẹ́ẹ̀. Julian, olú ọba Róòmù láti 361 sí 363, fẹ́ dá ìbọ òrìṣà padà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí olórí àlùfáà kan ní Galátíà, ó ráhùn pé àwọn Kristẹni ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà, ó sì pàṣẹ pé kí àlùfáà náà kọ́ ilé àlejò káàkiri kí àwọn abọ̀rìṣà lè bá àwọn Kristẹni dọ́gba. Nílẹ̀ wa, míṣọ́nnárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Wọ́n gba àwọn ọmọdé sínú ilé wọn, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn, títí kan ìgbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà tí oúnjẹ sì wọ́n wọn. Lára àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé yẹn ló di olùkọ́ àti àlùfáà lẹ́yìn ọ̀la.

Kí oore kékeré tó lè di ìsìn, ó yẹ kó wọ inú àdúrà. Láàárọ̀, ká bẹ Olúwa pé kó fi ẹnìkan hàn wá. Lálẹ́, bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà rẹ̀, ká rántí ẹni tí a pàdé: ta ni a sún mọ́, ta ni a gba òdìkejì rẹ̀ kọjá? Ká dúpẹ́ fún ti àkọ́kọ́, ká tọrọ àforíjì fún ti èkejì, ká dárúkọ àwọn méjèèjì níwájú Ọlọ́run. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá sì dé, tí a na ọwọ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ká mọ̀ pé Ẹni tó ń bọ́ wa níbẹ̀ ti sọ ibi tí a ti lè bọ́ òun náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa kéré dá wa dúró. Ohun tí Olúwa máa bi wá léèrè ti hàn sí wa tẹ́lẹ̀, agbára gbogbo wa ló sì ká a.